Ilé Kọnkéré Bàbá Àgbà Mi

Lọ́jọ́ tí ẹbí wa péjọ lórí ọ̀rọ̀ ilé náà, ẹni tó fẹ́ rà á ti wọn ilẹ̀ tán. Kò wọ inú ilé rárá, ilẹ̀ ló ń wá. Ó ní láàárín ọ̀sẹ̀ méjì òun á ti wó pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yẹn lulẹ̀, òun á sì kọ́ ṣọ́ọ̀bù onígíláàsì yí ibẹ̀ po. Àwọn àbúrò bàbá mi ti fẹ́ gbà. Owó tó dárúkọ kì í ṣe owó kékeré, ilé náà sì ti di ohun ìtìjú fún wa lójú títì. Igi ọ̀pọ̀tọ́ ti hù jáde lára ògiri òkè, kọnkéré ń jábọ́ lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè, irin ti yọ síta, àwọn mẹkáníìkì sì ti sọ ìsàlẹ̀ di ibi tí wọ́n ń kó ẹ́ńjìnnì tó ti kú sí.

Èmi nìkan ni mo kọ́ iṣẹ́ ilé yíyà nínú ẹbí. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ya ilé tuntun fún àwọn èèyàn l'Ékòó kí n tó padà sí Abẹ́òkúta wá dá iṣẹ́ ara mi sílẹ̀. Gbogbo wọn ń wojú mi pé kí n sọ bí wọ́n ṣe máa wó o, mo sì ti ní in lọ́kàn láti sọ ọ́. Mo fẹ́ kí ẹni tó ń ka èyí mọ̀ bẹ́ẹ̀ kó tó lọ jìnnà: kì í ṣe èmi ni mo gba ilé náà sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ni, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àgbà. Ó bi wọ́n pé:

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ wó o yìí, ta ló ti wọ ibẹ̀ lọ́sàn-án gangan nínú yín láti ọdún mẹ́wàá?"

Kò sẹ́ni tó dáhùn.

"Èmi tí mo bá bàbá wa to lẹ́tà ìtẹ̀wé níbẹ̀, nínú ooru oṣù Ẹrẹ́nà, láìsí fáànù, òógùn mi ò kán sórí bébà rí. Ẹ lọ wò ó ná."

Ní ọjọ́ kejì, nígbà tí aago kan ọ̀sán lù, mo gba kọ́kọ́rọ́, mo lọ wò ó.

Ilé náà wà ní ọ̀nà tó ti Sápọ́n lọ sí Ìtòkú. Bàbá àgbà mi, tí iṣẹ́ ìtẹ̀wé ń bẹ lọ́wọ́ wọn, ló kọ́ ọ nígbà tí òmìnira ṣì jẹ́ tuntun. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wà nísàlẹ̀, gbọ̀ngàn tí wọ́n ń yá fún ìgbéyàwó àti ìpàdé ẹgbẹ́ wà lókè rẹ̀, yàrá mẹ́ta sì wà lókè pátápátá. Iṣẹ́ ìtẹ̀wé kì í ṣe àjòjì ní Abẹ́òkúta. Ìlú wa ni Henry Townsend ti tẹ ìwé ìròyìn Yorùbá àkọ́kọ́ jáde lọ́dún 1859, inú ẹni tó bá ń tẹ̀wé nílùú yìí sì máa ń dùn láti sọ ọ́. Nígbà tí kọ̀ǹpútà dé, iṣẹ́ náà dẹnu kọlẹ̀. Bàbá àgbà kú, ayálégbé dé, ayálégbé lọ, àwọn ọmọ ẹbí tú ká.

Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ pé bàbá àgbà bá sọ̀féyọ̀ jà ni ilé náà ṣe wọ́. Gbogbo ilé tó kù ládùúgbò ló dojú kọ títì. Tiwa nìkan ló kọ èjìká sí i. Mo ṣí kọ́ńpáàsì lórí fóònù mi lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, mo sì dúró lójú kan fún ìgbà pípẹ́. Ojú ilé kọ sí àríwá, ẹ̀yìn rẹ̀ kọ sí gúúsù. Ẹ̀gbẹ́ méjì tó kúrú ló fún ìlà-oòrùn àti ìwọ̀-oòrùn. Oòrùn àárọ̀ àti oòrùn ìrọ̀lẹ́, tí wọ́n máa ń wọlé tààrà tí wọ́n sì máa ń mú ògiri gbóná di òru, ẹ̀gbẹ́ tó kéré jù ni wọ́n rí bá jà. Oòrùn ọ̀sán tó wà lókè orí, òrùlé tó yọ síta bí etí fìlà abetí ajá ló ń gbà á. Kò sí ìjà kankan pẹ̀lú sọ̀féyọ̀. Ẹni tó ya ilé náà mọ ohun tó ń ṣe.

Ìhà ìwọ̀-oòrùn, níbi tí àtẹ̀gùn wà, búlọ́ọ̀kù oníhò tí àwọn bíríkìlà ń pè ní fánsì ni wọ́n fi kọ́ gbogbo ògiri rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ dókè. Bí mo ṣe mọ̀ ọ́n nìyí, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn mi ò rí ihò kankan. Ayálégbé kan ti rẹ́ símẹ́ǹtì bo gbogbo rẹ̀ nítorí olè, ó sì ti gbé ẹ̀rọ amúlétutù sí fèrèsé. Inú ilé gbóná bí ààrò. Mo fẹ́ bínú sí Ìyá Àgbà pé ìrántí ti ń tàn wọ́n jẹ. Lẹ́yìn náà mo rí ibì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn tí símẹ́ǹtì ti jábọ́, ihò mẹ́ta péré. Mo gbé ọwọ́ sí i. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ wọlé níbẹ̀ bí ẹni pé ẹnì kan ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀ lẹ́yìn ògiri.

Ibẹ̀ ni mo ti yí ọkàn padà.

Mo rò pé ohun tó fà á tá a fi ń fojú tín-ín-rín irú ilé yìí ni pé a kò kà á sí àtijọ́. Bí àlejò bá wá sí Abẹ́òkúta, Olúmọ la máa mú un lọ, ká fi ṣọ́ọ̀ṣì Pétérù Mímọ́ ní Aké hàn án, ká tọ́ka sí gbọ̀ngàn tí wọ́n kọ́ fún ayẹyẹ ọgọ́rùn-ún ọdún ìlú lọ́dún 1930, ká sì mú un rin ọjà àdìrẹ Ìtòkú. Ilé àwọn Àgùdà, àwọn tó ti oko ẹrú Brazil padà wálé, tó ní òdòdó símẹ́ǹtì lójú fèrèsé, a mọ̀ pé ó lẹ́wà. Ilé kọnkéré tí àwọn bàbá wa kọ́ láàárín ọdún 1950 sí 1979, a máa ń sọ pé ilé àná ni, kò sì sẹ́ni tó ń tọ́jú ilé àná. Bẹ́ẹ̀, ohun tí wọ́n ń fi kọnkéré sọ nígbà yẹn ni pé àwa náà ti di ara ayé, a ó sì kọ́ ọ bí oòrùn àti òjò wa ṣe fẹ́.

Àwọn tó bẹ̀rẹ̀ ìmọ̀ yìí lọ́dọ̀ wa kì í ṣe ará ilé. Maxwell Fry àti Jane Drew, tọkọtaya ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ló ya yunifásítì Ìbàdàn. Ẹni tó bá ti rin ibẹ̀ lọ́sàn-án mọ bí àwọn ògiri oníhò yẹn ṣe ń ṣiṣẹ́. Arieh Sharon láti Ísírẹ́lì ló ya ti Ifẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ kan sì wà níbẹ̀ tí àjà òkè yọ síta ju ti ìsàlẹ̀ lọ, tí òkè fi ń ṣíji bo ìsàlẹ̀ bí ìyẹ́ adìyẹ. Ṣùgbọ́n àwọn bíríkìlà àti káfíńtà tó kọ́ wọn, ọmọ wa ni wọ́n. Àwọn ló mú ọgbọ́n náà wálé, tí wọ́n fi ń kọ́ ilé olùkọ́, ilé atẹ̀wé, ilé oníṣòwò kòkó. Símẹ́ǹtì pàápàá di ti wa: ilé iṣẹ́ Ewékorò, tí kò jìnnà sí Abẹ́òkúta, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe símẹ́ǹtì lọ́dún 1960. Kó tó dìgbà náà, ọkọ̀ òkun ló ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ wá. Ìyá Àgbà rántí lọ́rí tó ń já símẹ́ǹtì sílẹ̀ níwájú ilé, tí eruku rẹ̀ ń sọ irun wọn di funfun. Nígbà tí mo bá ń wo àwọn òpó ilé náà, òkúta ilẹ̀ Ẹ̀gbá ni mò ń wò.

Bí mo ṣe máa bá ẹbí sọ ọ́ ló kù. Mo mọ̀ pé bí mo bá lọ máa sọ̀rọ̀ ẹwà àti ìtàn fún àwọn àbúrò bàbá mi, wọn ò ní gbọ́. Wọ́n ní ọmọ nílé ẹ̀kọ́. Mo mú méjì nínú wọn dání lọ sí Èkó, sí Freedom Park, ibi tó jẹ́ ẹ̀wọ̀n àwọn òyìnbó ní Broad Street tẹ́lẹ̀, níbi tí wọ́n ti fi Awólọ́wọ̀ sí àtìmọ́lé. Láti ọdún 2010 ló ti di ọgbà tí wọ́n ti ń ṣeré orí ìtàgé, tí èèyàn ń jẹun, tí ó ń gbọ́ orin. A jókòó, a jẹ ẹja. Ẹ̀gbọ́n nínú wọn wo yíká títí, ó ní, "Bí ẹ̀wọ̀n bá lè di ibi tí èèyàn ń sanwó wọ̀, kí ló wá ṣe ilé bàbá wa?" Mi ò fi ọ̀rọ̀ kankan kún un. Bá a ṣe ń padà bọ̀ ni mo wá sọ fún wọn nípa Cocoa House ní Ìbàdàn, tí wọ́n ṣí lọ́dún 1965, tí iná jó lọ́dún 1985, tí wọ́n tún ṣe, tó sì padà sẹ́nu iṣẹ́ lọ́dún 1992. Mo tún sọ fún wọn pé ilé ìtàgé ńlá Ìgánmú, tí wọ́n parí lọ́dún 1976, ni wọ́n ti tún ṣe, tí wọ́n sì fi orúkọ Wọlé Ṣóyínká, ọmọ ìlú wa, pè é. Kọnkéré ni gbogbo wọn.

Mo sọ apá kejì ọ̀rọ̀ náà fún wọn pẹ̀lú, nítorí pé kò yẹ kí n fi í pamọ́. Ilé Ìlọ́jọ̀, ní Tinúbú l'Ékòó, ilé Àgùdà tó lẹ́wà gidigidi, ìjọba ti kéde rẹ̀ ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè láti ọdún 1956. Ní oṣù Ọwẹ́wẹ̀ ọdún 2016 ni wọ́n wó o lulẹ̀. Ìwé tí ìjọba fi dáàbò bò ó wà nínú fáìlì. Katakata ò ka fáìlì. Ohun tí mo fi ń yé wọn ni pé bí a bá fẹ́ kí tiwa dúró, àfi kó ní iṣẹ́ tó ń ṣe, kí iṣẹ́ náà sì máa mú owó wọlé fún ẹni tó lè wó o.

Ẹbí fún mi ní ọdún méjì. A kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ lọ́yà, gbogbo ẹ̀ka fọwọ́ sí i, àti ti ọmọ tó wà lókè òkun. Ìdá kan nínú mẹ́ta owó tó bá wọlé, àtúnṣe ilé ni, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Lórí gbólóhùn yẹn nìkan la lo gbogbo ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan, láti ìgbà tí ṣọ́ọ̀ṣì ti parí títí tí láfún àti ewédú fi tán nínú ìkòkò. N kò kábàámọ̀ wákàtí kankan nínú rẹ̀. Mo ti rí ilé ẹbí tó bàjẹ́ nílùú yìí láìjẹ́ pé owó wọ́n wọn: kò sí àdéhùn nípa ẹni tó máa ra pánù ni.

Àṣìṣe mi wá dé. Ojú ń kán mi kí àwọn èèyàn lè rí i pé iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Mo ní kí bíríkìlà fi símẹ́ǹtì dí gbogbo ibi tí irin ti yọ lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí a kùn ún lọ́dà funfun. Ó dán. Àwọn èèyàn ń dúró wò ó. Òjò ọdún yẹn rọ̀ ní oṣù Òkúdù, nígbà tó sì fi máa di oṣù Agẹmọ, ègé tó tó ìwọ̀n àtẹ́ búrẹ́dì jábọ́ sórí ibi tí ọmọ kan ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde kúrò. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Oorun ò kun ojú mi lóru ọjọ́ yẹn.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń kọ́ni nílé ẹ̀kọ́ gíga ló wá ṣàlàyé ohun tí mo yẹ kí n ti mọ̀. Kọnkéré tuntun ní agbára kan tí kì í jẹ́ kí irin inú rẹ̀ dípáàrà. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, káríbọ́ọ̀nù dáyọ́síìdì tó wà nínú afẹ́fẹ́ ń wọ inú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó sì ń pa agbára náà láti òde wá sínú. Ọjọ́ tó bá dé ibi tí irin wà, tí omi sì bá a níbẹ̀, irin á bẹ̀rẹ̀ sí í dógùn-ún. Ìpáàrà máa ń gba àyè ju irin tó ti wá lọ, nítorí náà á wú, á sì ta kọnkéré dànù. Bí o bá wá rẹ́ símẹ́ǹtì tuntun lé ìpáàrà lórí, o kàn bo egbò mọ́ inú ni. Ó mú omi oògùn kan wá nínú ìgò, èyí tí wọ́n ń pè ní phenolphthalein, ó fín in sí ojú ibi tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ́. Ibi tí agbára ṣì wà pọ́n bí òdòdó; ibi tó ti kú kò yí àwọ̀ padà. A rìn yí ilé náà po pẹ̀lú ìgò yẹn fún ọjọ́ méjì, à ń fi ẹfun sàmì. Ó yà mí lẹ́nu pé èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn òpó ló ṣì yè, nítorí pé ẹni tó kọ́ wọn jẹ́ kí kọnkéré tó bo irin nípọn dáadáa. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n fi kánjú ṣe.

A wá ṣe é bó ṣe yẹ. A já gbogbo ohun tó ti kú kúrò, a gbẹ́ ẹ títí ọwọ́ fi lè kọjá lẹ́yìn irin, a fi búrọ́ọ̀ṣì onírin fọ irin náà di dídán, a gé ibi tó ti tín-ín-rín, a so irin tuntun mọ́ ọn, a kùn ún ní ọ̀dà tó ń lé ìpáàrà, a wá ń fi símẹ́ǹtì lé e ní ìpele ìpele. Àpò kòkó tútù la fi bo gbogbo rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, tí ọmọkùnrin kan ń wọ́n omi sí i láàárọ̀ àti lálẹ́. Bíríkìlà mi, àgbàlagbà kan láti Ìjẹmọ̀, sọ pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀gá tó kọ́ òun níṣẹ́ ṣe máa ń bo kọnkéré, àwọn òde òní ni kò ní sùúrù mọ́. Omi tó ń fa gbogbo rẹ̀, láti òkè ló ti ń wá: ewé àti gbòǹgbò igi ọ̀pọ̀tọ́ ti dí ojú ihò tí òjò ń gbà sọ̀kalẹ̀ lórí òrùlé. Ẹ wo bó ṣe rí. Bí ẹnì kan bá ń gun òkè lẹ́ẹ̀kan lọ́dún lọ kó ewé kúrò, ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà kò ní nílò mi.

Nípa sílìn, mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ kan kíákíá fún ẹni tó bá ní ilé ìgbà yẹn. Páálí líle tí wọ́n fi ṣe é, ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì ló wà nínú rẹ̀. Àwọn ọmọ iṣẹ́ ti ń fi òòlù fọ́ ọ kí n tó débẹ̀, eruku sì kún yàrá. Eruku yẹn máa ń wọ inú ẹ̀dọ̀fóró, ó lè tó ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí àìsàn rẹ̀ tó jáde. Mo dá wọn dúró. A wọ ìbòmú gidi, a fi omi rin ín, a tú u ní odindi láìfọ́ ọ, a di í sínú ọ̀rá nípọn. Èyí tí kò bàjẹ́ rárá ní yàrá òkè, a fi í sílẹ̀, a kùn ún, a ò lu ìṣó kankan mọ́ ọn. Bí àwọn ọmọ yẹn bá ń ka èyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa ṣàyẹ̀wò ara yín.

Ọ̀rọ̀ ẹni tó máa lo ilé náà ló wá gbà mí lákòókò jù. Mẹ́ta ló wá. Ẹnì kan fẹ́ sọ ọ́ di òtẹ́ẹ̀lì, á pín gbọ̀ngàn sí yàrá kéékèèké mẹ́wàá. Ìjọ kan fẹ́ san owó tó dára, ṣùgbọ́n wọ́n fẹ́ dí gbogbo ihò kí ariwo má baà jáde, kí wọ́n gbé ẹ̀rọ amúlétutù sí i. Àwọn àbúrò bàbá mi fẹ́ kí a gba ti ìjọ. Mo wá kọ́ ìbéèrè kan tí mo ń bi gbogbo ẹni tó bá wá láti ìgbà náà: kí lo máa yí padà nínú ilé yìí kí iṣẹ́ rẹ tó lè bẹ̀rẹ̀? Ẹni tí ìdáhùn rẹ̀ bá kúrú jù, òun ni ilé náà ń dúró dè.

Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin aládìrẹ mélòó kan láti Ìtòkú ló wá ní ìkẹta. Olórí wọn wọ gbọ̀ngàn, ó wo ilẹ̀, ó wo òkè, ó ní, "Kò sí òpó láàárín?" Mo ní kò sí, àwọn òpó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ìpààlà lásán ni ògiri inú, wọn ò gbé ẹrù kankan. Ó ní, "Odindi ọ̀pá márùn-ún á tẹ́ lẹ́ẹ̀kan láìká." Ó gbé ọwọ́ sí ojú fánsì bí mo ṣe ṣe lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó ní aṣọ á gbẹ níbi òjìji, oòrùn ò ní bà á jẹ́. Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mi ò lè sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ tí ọwọ́ ìlú yìí mọ̀ jù, ilé tí ẹnikẹ́ni ò fẹ́ ló ń bá a mu.

Kò túmọ̀ sí pé wàhálà tán. Omi aró tí wọ́n fi kọ́sítíìkì sí, bí o bá dà á sínú gọ́tà títì, ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún, ọ̀dọ̀ àwọn ará ilé mìíràn, ló ń lọ. Epo àbẹ́là tí wọ́n ń yọ́ lórí iná fún àdìrẹ alábẹ́là, iná lè sọ níbẹ̀. Nítorí náà, gbogbo ohun tó jẹ mọ́ omi àti iná, ẹ̀yìnkùlé la kó o lọ, lábẹ́ òrùlé tí a kọ́ lọ́tọ̀, a gbẹ́ kòtò onípele mẹ́ta tí omi máa kọjá nínú yanrìn àti èédú, ẹni tó ń kó ẹrọ̀fọ̀ rẹ̀ sì ń wá lóṣooṣù. Òkè wà fún yíyàwòrán sára aṣọ, rírán aṣọ, àti títa á. Ìsàlẹ̀, níbi tí ilẹ̀ ti lágbára nítorí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, a gbé àwọn ohun wúwo sí i. Mo fi àtẹ̀gùn irin kejì sẹ́yìn kí àwọn èèyàn lè rí ibi sá gbà bí iná bá ṣẹ́yọ. Bóòtù la fi dè é, kò sí ibì kan tá a ti fọ́ ògiri. Bí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn wa bá rí ọ̀nà tó dára jù, kó tú u, kí ilé náà wà bó ṣe wà.

Ó gba ọ̀sẹ̀ mẹ́fà láti gbẹ́ símẹ́ǹtì kúrò nínú ihò fánsì, ihò kan lẹ́yìn òmíràn, nítorí pé mi ò gbà kí wọ́n lo ẹ̀rọ. Àwọn tó ti fọ́ jù, a ṣe mọ́ọ̀dù onígi, a da tuntun. Ilẹ̀ tẹrásò aláwọ̀ ewé àti funfun, ọṣẹ, omi àti òkúta ìfọ̀lẹ̀ nìkan la lò fún un. Kò sí táìsì kankan tó lè jọ ọ́. Fèrèsé lúfà, a gbà á là lókè. Nísàlẹ̀, ẹbí fi dandan lé e pé àlúmíníọ̀mù ni àwọn fẹ́, nítorí ààbò, mo sì gbà. Mo ṣì máa ń kọjú sí ibòmíràn bí mo bá ń kọjá níwájú wọn. Bí a bá bá èèyàn gbé, a óò fún un ní tiẹ̀.

Ohun tó dùn mí jù lọ ni ohun tó ti lọ kí n tó dé: ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àwọn tó ń ra irin àlòkù ti gbé wọn lọ, àpótí lẹ́tà òjé ló ṣẹ́ kù, ẹyọ kan, lábẹ́ àtẹ̀gùn. Aládìrẹ kan ń kó bọ́tìnnì sí i nísinsìnyí, lẹ́tà A nínú ihò kan, bọ́tìnnì pupa nínú èkejì.

Ìyá Àgbà kò lè rìn dáadáa mọ́. Oṣù Ẹrẹ́nà tó kọjá la gbé wọn wá, ní nǹkan bí aago kan ọ̀sán. Ọmọ méjì dì wọ́n mú gun àtẹ̀gùn. Wọn ò wo ọ̀dà, wọn ò wo aṣọ tó rọ̀ yíká gbọ̀ngàn. Wọ́n jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fánsì, wọ́n ṣí gèlè wọn díẹ̀ kúrò létí, wọ́n sì dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà wọ́n tọ́ka sí igun kan nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn.

"Ẹ̀rọ tá a fi ń gé bébà, ibẹ̀ ló wà. Níbo lẹ gbé e lọ?"

Mo sọ fún wọn pé wọ́n ti tà á pẹ̀lú àwọn yòókù.

"Ẹ gbé nǹkan míì síbẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ dáa fún gígé."

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, olórí àwọn aládìrẹ gbé tábìlì tí wọ́n fi ń gé aṣọ kúrò lókè, ó gbé e sí igun náà.